Orí Kẹfà: Ìbomirin Ewéko Afomipamọ́ Nínú Ilé

Ewéko afomipamọ́ ni orúkọ tí orí yìí yóò máa fi pe gbogbo ewéko tí apá kan nínú ara wọn, yálà ewé, ọ̀pá tàbí gbòǹgbò, nípọn tí ó sì kún fún omi tí wọ́n ń tọ́jú pamọ́ de ìgbà ọ̀dá. Wọn kì í ṣe ọmọ ìdílé kan náà, nítorí pé àwọn ewéko tí kò bá ara wọn tan rárá ni ìnira ilẹ̀ gbígbẹ kọ́ ní ìwà kan náà káàkiri ayé. Etí erin, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ahọ́n erin, ń kó omi sínú ewé rẹ̀; ọrọ́ ń kó o sínú ọ̀pá; Adenium obesum, olódòdó pupa tí ó ń hù láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé ilẹ̀ Lárúbáwá, ń kó o sí ìdí rẹ̀ tí ó máa ń tóbi rọ̀bọ̀tọ̀; nígbà tí Zamioculcas zamiifolia tí ó ti apá ìlà-oòrùn Áfíríkà wá, tí àwọn tí ń ta òdòdó mọ̀ sí ZZ, ń kó tirẹ̀ sínú ohun tí ó dà bí iṣu kéékèèké lábẹ́ erùpẹ̀.

Irú ewéko báyìí kò ṣàjèjì sí àyíká ilé Yorùbá. Ọ̀dúndún àti àbámodá tí àwọn àgbà ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé fún ìtọ́jú ara, pàpásan tí ń tàn ká ilẹ̀, àti gbúre tí ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń fi omi pamọ́ dé ìwọ̀n kan. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil mú ìmọ̀ ewé ọ̀dúndún dání lọ, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn ọlọ́rìṣà Bahia títí di òní. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé ewéko afomipamọ́ ti kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, ó ti wọ yàrá àlejò, orí tábìlì ọ́fíìsì àti etí fèrèsé, níbi tí òjò kò ti lè rọ̀ sí i, tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn nìkan ni ó ti lè rí omi gbà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìtọ́jú àṣejù ń pa púpọ̀ nínú wọn ju àìbìkítà lọ. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe pípọ̀ omi tí a dà lẹ́ẹ̀kan ni ó ń pa ewéko afomipamọ́, bí kò ṣe dídà á léraléra kí erùpẹ̀ tó gbẹ. Ẹni tí ó bá mọ bí erùpẹ̀ inú ìkòkò rẹ̀ ṣe ń gbẹ ti mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó tún bomi rin ín.

Ilẹ̀ tí wọ́n ti wá

Kí ènìyàn tó lè mọ irú omi tí ewéko kan ń fẹ́, ó yẹ kí ó mọ irú òjò tí ń rọ̀ ní ilẹ̀ ìbí rẹ̀. Haworthia, Crassula ovata àti Lithops, èyí tí ó jọ òkúta wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi lè fò ó dá, ti apá gúúsù Áfíríkà wá. Echeveria tí ewé rẹ̀ tò yíká ara wọn wá láti Mẹ́síkò. Etí erin tí wọ́n ń tà jù lọ lágbàáyé, Aloe vera, sì ti ilẹ̀ Lárúbáwá wá. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní aṣálẹ̀ Karoo ní Gúúsù Áfíríkà, òjò ọdún kan gbáko kì í dé 250 mìlímítà, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ń rọ̀ sí Ìbàdàn láàárín ọdún kan ju 1,000 mìlímítà lọ. Òjò ilẹ̀ gbígbẹ yìí tún ní ìṣe tirẹ̀: bí ó bá rọ̀, ó lè rọ̀ gidi, kí omi gba àárín òkúta àti yanrìn wọlẹ̀ lọ, kí oòrùn àti atẹ́gùn sì gbẹ ilẹ̀ náà kíákíá, kí ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan sì kọjá kí òmíràn tó dé. Gbòǹgbò àwọn ewéko wọ̀nyí ti mọ́ lára láti mu àmuyó lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì wà ní gbígbẹ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ rí ni erùpẹ̀ tí ó tutù láràárọ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ́ àjèjì láti òkèèrè. Dracaena trifasciata, ewéko onídà tí ó dúró ṣánṣán tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sansevieria kí wọ́n tó kó o pọ̀ mọ́ ìsọ̀rí Dracaena ní ọdún 2017, jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí gan-an, láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò. Ó lè gbé ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, ó sì lè fara da òǹgbẹ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ó tilẹ̀ lágídí tó báyìí, ìdí rẹ̀ a máa jẹrà bí ti àwọn yòókù bí erùpẹ̀ rẹ̀ kò bá fìgbà kan gbẹ.

Ihò èémí ewé àti iṣẹ́ òru

Gbogbo ewé ni ó ní ihò wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí a ó máa pè ní ihò èémí. Inú ihò yìí ni ewéko ti ń gba káábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáìdì, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí ó ń lò pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni omi ara rẹ̀ ń gbà tú jáde sínú afẹ́fẹ́. Àgbàdo, ẹ̀wà àti tòmátò ń ṣí ihò èémí wọn ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn mú, nítorí náà wọ́n ń pàdánù omi púpọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ lọ́wọ́, gbòǹgbò wọn sì ní láti máa fa omi mìíràn láìdáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ewéko afomipamọ́ yí iṣẹ́ yìí padà: wọ́n ń ti ihò èémí wọn ní ọ̀sán, wọ́n sì ń ṣí i ní òru nígbà tí afẹ́fẹ́ tutù tí ó sì ní ọ̀rinrin. Káábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáìdì tí wọ́n bá gbà ní òru ni wọ́n ń sọ di ásíìdì málíìkì, irú ásíìdì tí ń mú kí èso ápù kan, tí wọn yóò sì kó sínú àpò omi tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ewé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn yóò tú ásíìdì náà ká, wọn yóò sì fi afẹ́fẹ́ tí ó bá jáde láti inú rẹ̀ ṣe oúnjẹ láìṣí ihò kankan. Ètò yìí ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní CAM, wọ́n sì fà á yọ láti ara orúkọ ìdílé Crassulaceae, ìdílé ọ̀dúndún àti àbámodá.

Àbámodá gan-an wà nínú ìtàn bí ayé ṣe mọ̀ nípa ètò CAM yìí. Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko tí ó ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, ṣàkíyèsí pé bí òun bá tọ́ ewé àbámodá wò ní òwúrọ̀, ó ń kan, ṣùgbọ́n kí ó tó di ọ̀sán, kíkan náà ti lọ. Ẹgbẹ́ onímọ̀ ìṣẹ̀dá tí ń jẹ́ Linnean Society ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ àkíyèsí yìí jáde ní 1815. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ohun kan náà láìfi ewé kan ẹnu: kí ó já ewé àbámodá méjì láti ara igi kan náà, ọ̀kan kí oòrùn tó yọ, èkejì ní ìrọ̀lẹ́, kí ó fún omi wọn sórí bébà lítímọ́ọ̀sì tàbí bébà ìwọn-ásíìdì, kí ó sì fi àwọ̀ méjèèjì wéra. Omi ti òwúrọ̀ ni yóò fi ásíìdì tí ó pọ̀ jù hàn.

Ìtumọ̀ èyí fún ẹni tí ń bomi rin ewéko kò ṣe é fojú fò. Ewéko tí kì í pàdánù omi púpọ̀ kì í fa omi púpọ̀ láti inú erùpẹ̀. Ìkòkò tòmátò tí a bomi rin ní òwúrọ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ní ọjọ́ kejì nítorí pé tòmátò fúnra rẹ̀ ti fa omi náà tán, ṣùgbọ́n nínú ìkòkò etí erin, omi kan náà wà níbẹ̀ tí yóò máa dúró de afẹ́fẹ́ láti gbẹ ẹ́. Bí ìkòkò náà bá wà ní kọ̀rọ̀ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀rinrin, ẹni tí ó ni ín kò sì ní mọ̀ nítorí pé orí erùpẹ̀ ti gbẹ lójú rẹ̀.

Gbòǹgbò ń mí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé gbòǹgbò ń mu omi, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ pé gbòǹgbò ń mí kò pọ̀. Gbòǹgbò kò rí ìmọ́lẹ̀, kò lè ṣe oúnjẹ, nítorí náà ó ní láti gba ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín hóró erùpẹ̀ kí ó tó lè lo oúnjẹ tí ewé bá fi ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí omi bá kún gbogbo àlàfo yìí, afẹ́fẹ́ ti jáde, ọ́síjìn sì ń rin inú omi lọ́nà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ́ra ní ìlọ́po 10,000 ju bí ó ti ń rin inú afẹ́fẹ́ lọ. Bí èyí bá jẹ́ fún wákàtí díẹ̀, kò sí ewu; bí ó bá di ọ̀pọ̀ ọjọ́, gbòǹgbò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti etí wá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú gbòǹgbò jẹrà, bíi Pythium àti Phytophthora, fẹ́ràn irú ibi olómi tí kò ní afẹ́fẹ́ yìí, ara gbòǹgbò tí ó ti ń kú sì ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù fún wọn láti wọlé. Láti ibẹ̀ ni ìjẹrà yóò ti gùn dé ìdí ọ̀pá.

Àkíyèsí mìíràn wà nípa gbòǹgbò tí àwọn ìwé ìtọ́jú òdòdó kì í sábà sọ, tí ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ di mú. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ gan-an, àwọn ewéko bíi kákítọ́ọ̀sì ń jẹ́ kí gbòǹgbò wọn tí ó tín-ín-rín jù kú, wọ́n sì ń fi èèpo dí ojú àwọn tí ó kù kí omi ara wọn má baà padà sínú ilẹ̀ gbígbẹ. Bí òjò bá rọ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọn yóò tún hu gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tuntun tí yóò mu omi náà. Èyí ni ó fà á tí ewéko tí ó ti pẹ́ nínú ọ̀dá kì í fi í sọjí lọ́jọ́ tí a bá bomi rin ín. Kò yẹ kí ẹni tí ó ni ín tún da omi sí i ní ọjọ́ kejì nítorí pé ewé rẹ̀ ṣì hunjọ. Ó yẹ kí a fún un ní ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Bákan náà ni a ń ní kí ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ewéko láti inú ìkòkò kan sí òmíràn dúró bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó bomi rin ín, kí ojú ibi tí gbòǹgbò ti ya lè gbẹ.

Ìkòkò àti erùpẹ̀

Kò sí ìlànà ìbomirin tí ó lè ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò tí kò ní ihò ní ìsàlẹ̀. Èyí ni kókó tí orí yìí kò ní dẹwọ́ lórí rẹ̀. Lẹ́bàá títì ní Èkó àti Ìbàdàn, inú náílọ́ọ̀nù dúdú tí ó kún fún erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ta ọ̀pọ̀ ewéko, ẹni tí ó bá sì rà á a máa gbé e tòun ti náílọ́ọ̀nù sínú ìkòkò aláràbarà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí pinpin. Omi tí ó bá ṣẹ́kù yóò gba ihò náílọ́ọ̀nù jáde, yóò sì dúró sí ìsàlẹ̀ ìkòkò níbi tí ojú kò tó, ìdí ewéko yóò sì máa rẹ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹwà ìkòkò náà bá jẹ ẹni náà lógún, kí ó gbé ewéko jáde nígbà tí ó bá fẹ́ bomi rin ín, kí ó jẹ́ kí omi ro tán, kí ó tó dá a padà.

Àṣà kan tún wà tí ó tàn kálẹ̀ tí kò sì ní òtítọ́ nínú, ìyẹn ni kí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí omi lè máa jáde dáadáa. Omi kì í kúrò nínú erùpẹ̀ tí hóró rẹ̀ kéré bọ́ sínú òkúta tí àlàfo rẹ̀ tóbi, àfi ìgbà tí erùpẹ̀ náà bá kún fún omi dé ìwọ̀n tí kò lè di í mú mọ́. Ohun tí òkúta yẹn ń ṣe ni pé ó ń gbé ibi tí erùpẹ̀ ti kún fún omi ga sókè, kí ó lè súnmọ́ gbòǹgbò. Olùkọ́ lè fi kànìnkànìn ìfọbọ́ ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ fún kíláàsì: kí ó rẹ ẹ́ sínú omi, kí ó gbé e sókè ní ìbú títí tí kò fi ní ro mọ́, kí ó wá nà án dúró ní òró. Omi yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro jáde, nítorí pé ìsàlẹ̀ kànìnkànìn a máa di ìwọ̀n omi kan mú, bí ó bá sì ṣe ga tó ni apá òkè rẹ̀ ṣe ń gbẹ tó. Bẹ́ẹ̀ ni erùpẹ̀ inú ìkòkò ń ṣe. Ìkòkò tí ó jìn tí erùpẹ̀ kan náà kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ sàn ju ìkòkò tí wọ́n kó òkúta sí nídìí lọ. Bí wọ́n bá ń bẹ̀rù pé erùpẹ̀ yóò gba ihò jáde, àpólà nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kan ti tó láti fi bo ojú ihò náà.

Erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lásán wúwo jù fún iṣẹ́ yìí, pàápàá ilẹ̀ alámọ̀. Ó yẹ kí a da nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, kí ó tó ìdajì àdàlù náà tí yóò jẹ́ ohun tí hóró rẹ̀ tóbi tí kì í sì í di omi mú: yanrìn odò tí kò kúnná, òkúta wẹ́wẹ́, èédú tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́, tàbí èèpo ìrẹsì tí wọ́n ti fi iná yan. Yanrìn etíkun kò dára nítorí iyọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Ìkòkò amọ̀ tí wọn kò kùn ń jẹ́ kí omi gba ara rẹ̀ gbẹ, nítorí náà òun ni ó yẹ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí omi. Ìkòkò oníke ń di omi mú pẹ́, ó sì yẹ ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù tàbí ọyẹ́ ti ń gbẹ afẹ́fẹ́. Ìkòkò tí ó tóbi ju ewéko lọ púpọ̀ kò ṣe é ní rere, nítorí pé erùpẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé yóò kàn máa tutù lásán ni.

Ìbomirin gan-an

Nígbà tí àkókò omi bá tó, kí a dà á dáadáa. Omi díẹ̀díẹ̀ tí àwọn kan ń fi ṣíbí tàbí agolo ìfínmi fún ewéko afomipamọ́ lójoojúmọ́, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé kò fẹ́ omi púpọ̀, ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù tí ó sì ṣòro jù láti yọ lọ́kàn wọn. Òkè erùpẹ̀ nìkan ni irú omi bẹ́ẹ̀ ń tutù, gbòǹgbò ìsàlẹ̀ kò rí nǹkan mu, iyọ̀ inú omi àti ti ajílẹ̀ ń kó jọ sínú ìkòkò nítorí pé kò sí ohun tí ó ń ṣàn án jáde, ìdí ọ̀pá sì wà nínú ọ̀rinrin ní gbogbo ìgbà. Ìlànà tí ó tọ́ ni kí a rọra da omi yíká orí erùpẹ̀, kì í ṣe sáàárín ewé, títí tí yóò fi máa jáde ní ihò ìsàlẹ̀. Kí a sinmi díẹ̀, kí a tún dà á lẹ́ẹ̀kejì. Kí a sì da omi tí ó bá kó jọ sínú àwo ìsàlẹ̀ nù láàárín ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn èyí, kí a gbàgbé rẹ̀ títí tí erùpẹ̀ yóò fi gbẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Erùpẹ̀ tí wọ́n fi ewé jíjẹrà ìsàlẹ̀ àbàtà ṣe, irú èyí tí wọ́n ń tà nínú àpò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìṣòro tirẹ̀: bí ó bá ti gbẹ jù, kì í gba omi mọ́. Omi yóò gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sáré jáde ní ìsàlẹ̀, ẹni tí ó dà á yóò sì rò pé ewéko ti mu yó. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, kí a gbé ìkòkò sínú báàfù tí omi rẹ̀ dé ìdajì gíga ìkòkò náà fún bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó fi ìsàlẹ̀ fà á mu, kí a sì jẹ́ kí ó ro tán. Ẹni tí ó bá ń lo ọ̀nà báàfù yìí nígbà gbogbo ní láti máa da omi láti òkè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí iyọ̀ lè ṣàn jáde.

Láti mọ̀ bóyá erùpẹ̀ ti gbẹ, ọ̀nà méjì ni ó dájú jù. Èkínní ni igi tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n fi ń gún súyà: kí a tì í bọ erùpẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a fà á yọ. Bí ó bá dúdú tí ó sì tutù lọ́wọ́, tàbí tí erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì yá. Èkejì, èyí tí àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí fẹ́ràn jù, ni kí a fi ọwọ́ gbé ìkòkò. Ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin máa ń wúwo. Ẹni tí ó bá gbé e ní ọjọ́ náà, tí ó tún ń gbé e lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, yóò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ láìpẹ́ nígbà tí ó bá fúyẹ́ tán. Ìka ọwọ́ tí wọ́n ń tì bọ erùpẹ̀ kò tó, nítorí pé òkè nìkan ni ó ń dé.

Kàlẹ́ńdà kò lè rọ́pò àyẹ̀wò yìí, ṣùgbọ́n ó lè fún ènìyàn ní òye ohun tí ó yẹ kí ó máa retí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, nígbà ọyẹ́, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà lè mú kí ìkòkò amọ̀ tí ó wà létí fèrèsé gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí ìkòkò kan náà lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje tí òjò ń rọ̀ tí aṣọ kò tilẹ̀ ń tètè gbẹ lórí okùn. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, ìgbà òjò ni yóò pàdánù ewéko rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń darí ètò ju òjò lọ. Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì, ọjọ́ kúrú, oòrùn kò lágbára, ọ̀pọ̀ ewéko afomipamọ́ kò sì ní dàgbà rárá. Omi lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti tó fún púpọ̀ nínú wọn, àwọn kákítọ́ọ̀sì aṣálẹ̀ tí ó wà ní yàrá tí ó tutù sì lè lo gbogbo ìgbà òtútù láìrí omi. Ìpò tí ewéko wà nínú yàrá náà tún ní ipa tirẹ̀, nítorí pé ewéko tí ó wà ní mítà mẹ́ta sí fèrèsé ń lo omi tí ó kéré púpọ̀ sí ti èyí tí ó wà lójú fèrèsé.

Ní ti wákàtí ọjọ́, òwúrọ̀ dára nítorí pé omi tí ó bá ta sórí ewé yóò ráyè gbẹ kí òru tó dé. Ìgbàgbọ́ pé ẹ̀kán omi lórí ewé a máa kó oòrùn jọ bí dígí, tí yóò sì jó ewé, kò tọ̀nà fún ewé tí ó dán: ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ní Họ́ngárì gbé jáde ní 2010 fi hàn pé ewé onírun nìkan, tí irun rẹ̀ ń gbé ẹ̀kán omi sókè kúrò lára ewé, ni ó lè ní irú ewu bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó burú nínú kí omi dúró sáàárín ewé Echeveria ni ìjẹrà, àti pé omi àti ìka ọwọ́ a máa nu àtíkè funfun tí ó bo ewé náà, èyí tí ó jẹ́ ìda tí ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn.

Àmì tí ara ewéko ń fi hàn

Ewé tí òǹgbẹ ń gbẹ máa ń hunjọ, ó máa ń tẹ́ pẹlẹbẹ, ó sì máa ń rọ̀ díẹ̀ bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà púpọ̀, kò sì ní òórùn. Ewé ìsàlẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ fi í hàn, nítorí pé ewéko a máa fa omi ewé àgbà láti fi bọ́ ewé ọ̀dọ́. Ewé tí omi ti pọ̀ jù fún yàtọ̀: ó ń di pupa rúsúrúsú, ìmọ́lẹ̀ a máa là á kọjá, ó ń rọ̀ bí èso tí ó pọ́n jù, ó sì ń já fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ bá kàn án. Bí ìdí ọ̀pá bá ti dúdú, tí ó sì ń rùn, ìjẹrà ti wọ inú.

Ibi tí ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú ni pé ewéko tí gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà náà lè hunjọ. Kò sí ohun tí yóò fi fa omi mọ́, nítorí náà òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ láàárín omi. Ẹni tí ó bá rí i yóò sọ pé omi ni ó ń fẹ́, yóò sì tún da òmíràn sí i, èyí tí yóò parí iṣẹ́ ìjẹrà náà. Nítorí ìdí èyí, ewé nìkan kò tó láti ṣe ìdájọ́. Kí a yẹ erùpẹ̀ wò kọ́kọ́: bí ewé bá hunjọ tí erùpẹ̀ sì gbẹ, kí a bomi rin ín, bí ewé bá hunjọ tí erùpẹ̀ sì tutù, kí a fa ewéko náà yọ kí a wo gbòǹgbò rẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà tí ó yẹ ní mímọ̀. Schlumbergera, kákítọ́ọ̀sì olódòdó tí ń yọ nígbà Kérésìmesì ní Yúróòpù, ti inú igbó òkè etíkun Brazil wá, níbi tí ó ti ń gbé lórí ẹ̀ka igi àti àpáta nínú kùrukùru. Òun kì í fẹ́ kí erùpẹ̀ gbẹ pátápátá. Lithops ni ìdàkejì rẹ̀. Nígbà tí ewé tuntun bá ń jáde láàárín ewé àtijọ́ rẹ̀, ewé àtijọ́ ni ó yẹ kí ó bọ́ tuntun títí tí yóò fi gbẹ di èèpo. Ẹni tí ó bá bomi rin ín ní àkókò yẹn yóò rí i pé ewé àtijọ́ kò gbẹ, ewé tuntun yóò fún pọ̀, ewéko náà sì lè bẹ́.

Ewéko tí ìdí rẹ̀ ti jẹrà

Bí ìjẹrà kò bá tíì dé ọ̀pá, a lè gba ewéko náà là. Kí a gbọn erùpẹ̀ olómi kúrò lára rẹ̀, kí a fi ọ̀bẹ mímọ́ gé gbogbo gbòǹgbò tí ó ti dúdú tí ó sì rọ̀ kúrò títí a ó fi dé ibi tí ó funfun tí ó sì le, kí a tẹ́ ẹ síbi òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí fún ọjọ́ mélòó kan kí ojú ọgbẹ́ lè gbẹ di èèpo, kí a sì gbìn ín sínú àdàlù yanrìn tuntun tí ó gbẹ. Omi inú ara rẹ̀ ni yóò máa lò ní gbogbo àkókò yìí. Kò ní kú.

Bí ọ̀pá bá ti dúdú wọnú, ohun tí a lè ṣe dá lórí irú ewéko tí ó jẹ́. Ewé àbámodá kan ṣoṣo tí a bá tẹ́ sórí erùpẹ̀ yóò hu ọmọ ní etí rẹ̀. Ewé Dracaena trifasciata tí a gé sí wẹ́wẹ́ yóò ta gbòǹgbò bí ó bá pẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irú tí ó ní ìlà ofeefee ní etí, ọmọ tí yóò hù láti ara ewé bẹ́ẹ̀ kò ní ní ìlà náà. Ewé etí erin kì í sábà ta gbòǹgbò bí ó ti wù kí ó tóbi tó, jíjẹrà ni ó ń jẹrà, nítorí náà ẹni tí ìdí etí erin rẹ̀ bá ti bàjẹ́ ní láti tètè ya àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú ìkòkò mìíràn kí ìjẹrà ìyá tó ràn wọ́n.